Ìpáàrà Lára Ẹ̀rọ Oko: Ìgbà Tí Ẹ̀rọ Bá Jókòó Ló Ń Jẹ Ẹ́



Ní nǹkan bí ọjọ́ 45 lẹ́yìn tí òwú bá hù ni ìfín oògùn àkọ́kọ́ máa ń bọ́ sí. Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ 14, ọjọ́ 14 ni ẹ ó máa fín in. Kòkòrò tí ń lu èso òwú kò ní dúró de ẹ̀rọ tí kò fẹ́ ṣíná. Bí ẹ bá fa okùn ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà tí kò dún, ẹ má rò pé ọjọ́ náà ló bàjẹ́. Ó lè jẹ́ pé láti ìgbà tí ẹ ti gbé e wọlé lẹ́yìn ìfín ìkẹyìn, láìfọ̀ ọ́, láìda epo inú rẹ̀ jáde, ni ìpáàrà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ẹgbẹ́ bá sì ra ẹ̀rọ náà láwìn, ìpáàrà kì í dín gbèsè kù.

Omi àti afẹ́fẹ́ ló ń pàdé lára irin kí ó tó dógùn-ún. Epo tàbí ọ̀dà tí a fi kùn ún kò ju aṣọ lọ, kí omi má baà kan irin lára. Iyọ̀ ló burú jù: ó ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, ó sì ń mú kí jíjẹ náà yá. Aflao-Gakli ní Lomé kò jìnnà sí òkun, atẹ́gùn ibẹ̀ sì ń gbé iyọ̀ wá. Bí ẹ bá ra ẹ̀rọ àlòkù tó ti jókòó síta níbẹ̀, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ fọ abẹ́ rẹ̀ àti ìdí àwọn bóòtù rẹ̀ kí ẹ tó gbé e lọ sí Atakpamé tàbí Dapaong. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa. Bí ẹ bá kun ọ̀dà lé iyọ̀ lórí, abẹ́ ọ̀dà náà ni yóò ti máa jẹ irin lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ jìnnà sí òkun kò tíì bọ́ o. Irú iyọ̀ kan ni ajílẹ̀ òwú náà. Ẹ wo àpò ajílẹ̀ tó ya lásìkò òjò, bí ó ṣe máa ń rin. Ẹ má kó ẹ̀rọ àti ajílẹ̀ sí yàrá kan náà. Bí yàrá kò bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ gbé ẹ̀rọ ka orí pákó ní igun tó jìnnà sí i.

Nígbà tí ìfín bá parí, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi omi ṣan táǹkì oògùn lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ sì fín omi náà sínú oko òwú, kì í ṣe etí odò tàbí kànga. Ẹ nu gbogbo ara ẹ̀rọ, ẹ sá a. Ẹ da bẹntiróòlù jáde, ẹ tún tan ẹ́ńjìnnì kí ó lo èyí tó kù nínú kabúrétọ̀ títí yóò fi kú fúnra rẹ̀. Nígbà tó bá tutù, ẹ tú púlọ́ọ̀gì, ẹ kán ọ́ìlì tí ẹ fi ń po bẹntiróòlù sí ihò rẹ̀, bíi ṣíbí kékeré kan. Ẹ rọra fa okùn lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, ẹ dá a dúró níbi tó bá ti wúwo lọ́wọ́, kí ẹ wá dá púlọ́ọ̀gì padà.

Rọ́bà ni táǹkì epo ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí à ń pọ̀n sẹ́yìn, ṣùgbọ́n irin ni ti ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù omi. Táǹkì irin tí epo rẹ̀ kò kún ló léwu: òtútù òru ń sọ ọ̀rinrin inú rẹ̀ di omi, ìpáàrà á sì máa já wẹ́wẹ́ lọ dí kabúrétọ̀. Ẹ gbẹ epo rẹ̀ tán, ẹ da ọ́ìlì díẹ̀ sí i, kí ẹ yí i káàkiri. Ẹ má fi epo pupa dípò ọ́ìlì. Yóò ki, eruku ọyẹ́ á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má sì fi ọ̀rá di ẹ̀rọ pinpin, nítorí á há ọ̀rinrin mọ́ inú. Aṣọ ni kí ẹ fi bò ó.

Èyí tó ti dógùn-ún ńkọ́? Ẹ yọ wáyà púlọ́ọ̀gì, ẹ da epo jáde, kí ẹ sì jìnnà sí iná. Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì onírin tó fún ìpáàrà tí kò tíì wọlé. Bóòtù tó gan, ẹ fi epo dísù rẹ ẹ́ mọ́jú. Ẹ má fi agbára ṣẹ́ ẹ. Àwọn ohun kéékèèké tó jẹ́ irin nìkan, ẹ rẹ wọ́n sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ di ọjọ́ kejì, ẹ fọ̀ wọ́n, kí ẹ fi omi eérú ṣan wọ́n kí kíkan náà lè kú. Ẹ sá wọn, kí ẹ sì fi ọ́ìlì pa wọ́n lójú ẹsẹ̀, torí irin tó ṣí sílẹ̀ lè tún dógùn-ún kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má rẹ kabúrétọ̀ sí i o, omi bátìrì kò sì bá iṣẹ́ yìí mu rárá. Irin ńlá, ẹ fi sáńpépà ha á, ẹ kun ọ̀dà pupa tí àwọn wẹ́dà fi ń tẹ́ irin, kí ẹ tó kun ọ̀dà elépo lé e.

Bí ẹ bá fi ẹnu irin tẹ ibi kan tó sì lu, ọ̀dà kò lè ràn án lọ́wọ́ mọ́. Táǹkì epo tó lu, ẹ má gbé e fún wẹ́dà ẹ̀bá ọ̀nà: òórùn bẹntiróòlù tó kù nínú táǹkì òfìfo lè bú gbàmù. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ní tèmi, ẹnì kan ni kí ẹgbẹ́ yàn fún ìtọ́jú yìí, kí wọ́n sì fún un lówó díẹ̀, nítorí ẹ̀rọ gbogbo ayé kì í ní ẹni tí yóò nù ún. Kí onítọ̀hún tún máa wo ilẹ̀ ọkọ̀ tí ẹ fi ń kó òwú. Àbàwọ́n ìpáàrà àti ti ọ́ìlì kì í fọ̀ kúrò lára òwú bọ̀rọ̀, ó sì ń já ipò rẹ̀ wálẹ̀ lọ́jọ́ ìwọ̀n. Aṣọ tí wọ́n fi òwú hun ni kí ẹ tẹ́ sí i, kì í ṣe àpò ọ̀rá, nítorí fọ́nrán ọ̀rá náà ń ba òwú jẹ́.