Ọ́ìlì Alùpùpù: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ẹ Wò Bí Mẹkáníìkì Bá Ti Ṣe Sáfíìsì Tán

Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìletò wa lónìí, alùpùpù ni ó ń gbé kòkó, ẹ̀gẹ́ àti iṣu láti oko wá sí ọjà. Òun náà ni ó ń gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn ní òru, tí ó sì ń gbé olùkọ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní òwúrọ̀. Àìmọye ọ̀dọ́kùnrin ni ó jẹ́ pé owó àjọ tàbí owó tí wọ́n yá ni wọ́n fi rà á, tí wọ́n sì ń san án díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ́ńjìnì irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ bá gan pa, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní nọ́ọ̀kì, gbèsè tí ó wà lórí rẹ̀ kò ní parẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ̀rọ̀ lórí ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnì, pàápàá jù lọ ní ọjọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba alùpùpù lọ́wọ́ mẹkáníìkì.

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé ọjọ́ sáfíìsì gan-an ni wàhálà ọ́ìlì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rò ó wò. Kí alùpùpù tó dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, gbogbo nọ́ọ̀tì ìdí ẹ́ńjìnì wà ní ipò wọn, kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn wọ́n. Ní ọjọ́ sáfíìsì, a tú nọ́ọ̀tì, a fa ọ́ìlì àtijọ́ jáde, a yọ asẹ́, a fọ̀ ọ́, a dá a padà, a sì bu ọ́ìlì tuntun sí i. Ibi kọ̀ọ̀kan tí ọwọ́ dé ni àṣìṣe lè gbà wọlé. A kò sọ èyí láti bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn mẹkáníìkì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ iṣẹ́ wọn dunjú. Ṣùgbọ́n níbi tí alùpùpù márùn-ún bá ti tò de ọ̀gá kan ṣoṣo ní ọjọ́ ọjà, ọwọ́ a máa yá jù. Bí oníǹkan bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá wo ohun ìní rẹ̀ kí ó tó gùn ún kúrò níbẹ̀, kò fi àbùkù kan ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ tí ọ́ìlì ń ṣe ju kí irin máa yọ̀ lọ. Ó wà láàrin irin méjì tí ìbá máa ha ara wọn. Ó ń gba ooru kúrò lára písítìnì. Ó sì ń kó èérí lọ́wọ́ bí ó ti ń yípo. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, jíà ní ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ alùpùpù tí a ń lò, ọ́ìlì kan náà ni ẹ́ńjìnì, jíà àti kílọ́ọ̀ṣì jọ ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà sí i. Ọ́ìlì náà kò sì pọ̀. Honda CG125, tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe alùpùpù ní ilẹ̀ Ṣáínà wo àpẹẹrẹ ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣe tiwọn, ń gba nǹkan bíi lítà 0.9 bí a bá kàn pààrọ̀ ọ́ìlì, àti nǹkan bíi lítà 1.1 bí a bá tú ẹ́ńjìnì palẹ̀. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lè gba lítà mẹ́rin. Nítorí náà, ife ọ́ìlì kan tí ó jò nù lè má pa ọkọ̀ lára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ohun tí alùpùpù ní.

Bí a ti ń wọn ọ́ìlì ni ọ̀pọ̀ ń ṣì ṣe. Kí ẹni tí ń ka ìwé yìí sí etí àwọn ẹlòmíràn jọ̀wọ́ ka abala yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ gbé alùpùpù sí orí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí ó dúró ṣánṣán lórí sítáàndì ńlá rẹ̀; bí ó bá fi ẹ̀gbẹ́ kan tì, irọ́ ni géèjì yóò pa fún yín. Ẹ tan ẹ́ńjìnì, kí ó ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta, kí ọ́ìlì tuntun lè kún inú asẹ́ àti gbogbo ojú ọ̀nà rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ́ńjìnì náà máa pariwo ní àkókò yìí, nítorí ọ́ìlì lè má tíì dé òkè. Ẹ pa á, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta mìíràn. Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ géèjì, ẹ nù ún gbẹ pẹ̀lú àkísà mímọ́, ẹ tì í padà, ẹ sì tún yọ ọ́. Nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù, títí kan CG125, ńṣe ni a ń gbé géèjì lé ẹnu ihò rẹ̀ láì yí i wọlé. Ẹni tí ó bá yí i wọlé kí ó tó wò ó yóò rí i bí ẹni pé ọ́ìlì pọ̀ ju bí ó ti wà lọ. Ìwé tí ó bá alùpùpù wá ni yóò sọ èyí tí ó tọ́ fún tiyín. Àmì méjì ni ó wà lára géèjì; àárín méjèèjì ni ó yẹ kí ọ́ìlì wà, kí ó sún mọ́ ti òkè. Ní ara àwọn alùpùpù kan, gíláàsì kékeré ni a ń wò ní ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì dípò géèjì.

Bí ẹ bá rí ọ́ìlì ní abẹ́ ẹ́ńjìnì, ẹ má tètè kígbe. Nígbà tí a ń bu ọ́ìlì sí i, díẹ̀ lè dà sí ara ẹ́ńjìnì tàbí sí orí sálẹ́ńsà. Irú èyí a máa rú èéfín fún ìgbà díẹ̀ bí ibẹ̀ bá gbóná, yóò sì dáwọ́ dúró. Ẹ nu gbogbo ibẹ̀ mọ́ tónítóní, ẹ gùn ún lọ gùn ún bọ̀ ní ìtòsí, kí ẹ sì tún wò ó. Ní alẹ́, ẹ tẹ́ páálí sí abẹ́ rẹ̀. Bí páálí bá gbẹ ní òwúrọ̀, ọ́ìlì tí ó dà sílẹ̀ lásán ni ẹ rí. Bí ó bá tutù, ẹ wo ibi tí ẹ̀kán náà bọ́ sí, kí ẹ tọpa rẹ̀ lọ sí òkè. Ibi tí ó ti ń kán kọ́ ni ó sábà máa ń jẹ́ orísun rẹ̀, nítorí atẹ́gùn a máa fẹ́ ọ́ìlì sẹ́yìn bí a bá ń gùn ún.

Nọ́ọ̀tì ìdí ẹ́ńjìnì ni ó ń jẹ̀bi jù. Ó ní wọ́ṣà pẹlẹbẹ kan tí irin rẹ̀ rọ̀, tí a ṣe kí ó lè tẹ̀ wọ inú ara kí ó sì dí àlàfo. Bí ó bá ti tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò dára mọ́ láti tún lò, bẹ́ẹ̀ owó kékeré ni a fi ń ra tuntun. Ní ara àwọn ẹ́ńjìnì kan, róbà róbótó ni ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú asẹ́ onírin àti sípíríìngì. Róbà tí ó ti le tàbí tí ó ti já yóò jò dandan. Nígbà tí ó bá ń jò, ohun tí ó máa ń wá sí ọkàn ènìyàn ni kí ó fi sípánà gígùn fún un sí i. Èyí ni ó ń ba nǹkan jẹ́. Àlùmínọ̀mù ni ara ẹ́ńjìnì, irin líle sì ni nọ́ọ̀tì. Bí agbára bá pọ̀ jù, eyín inú ihò ni yóò jẹ, a ó sì wá máa wá ẹni tí ó ní ẹ̀rọ ìgbẹ́rin tí yóò la eyín tuntun sí i. Ohun tí ó tọ́ ni kí a fa ọ́ìlì jáde sínú abọ́ mímọ́, kí a nu ojú méjèèjì, kí a fi wọ́ṣà tuntun sí i, kí a sì fún un dé ìwọ̀n. Ní ti ọṣẹ tí àwọn kan ń fi dí i, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀: ọṣẹ kò lè dúró níwájú ooru ẹ́ńjìnì.

Ọ̀pọ̀ gbà pé bí ọ́ìlì bá ti pọ̀ tó ni ó ṣe dára tó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ́ìlì tí ó kún jù a máa hó bí ọṣẹ, kì í sì lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa mọ́. Yóò gba ojú ihò tí ẹ́ńjìnì fi ń mí lọ sínú asẹ́ atẹ́gùn, èéfín yóò máa jáde, ọ́ìlì yóò sì máa yọ lára àwọn róbà tí kò jò tẹ́lẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: kí a tú nọ́ọ̀tì ìdí díẹ̀, kí a jẹ́ kí èyí tí ó lé jáde, kí a sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí a tún yẹ asẹ́ atẹ́gùn wò bóyá ọ́ìlì ti rin ín.

Èyí tí ó dín kù ni ó léwu jù. Bí ẹ bá gbọ́ tí òkè ẹ́ńjìnì ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, tàbí tí ó gbóná lódì tí kò sì ní agbára, ẹ pa á ní ojú kan náà. Ẹ má wí pé, “Jẹ́ kí n kàn gbé e dé ilé ná.” Kìlómítà mélòó kan tó láti pa ẹ́ńjìnì tí kò ní ọ́ìlì. Títì ni kí ẹ tì í.

Nígbà mìíràn, ọ́ìlì kò jò, kò sì dín, síbẹ̀ alùpùpù yóò máa pariwo láì rìn, pàápàá bí ó bá ru ẹrù gun òkè. Kílọ́ọ̀ṣì ni ó ń yọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo wáyà kílọ́ọ̀ṣì. Bí ó bá le jù tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní àyè díẹ̀ kí ó tó fà, òun ni ẹ óò tún ṣe. Bí wáyà bá dára, ẹ béèrè irú ọ́ìlì tí a bù sí i. A ti sọ pé kílọ́ọ̀ṣì ń wẹ̀ nínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnì. Àwọn ọ́ìlì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan wà tí a fi èròjà sí kí wọ́n lè máa yọ̀ gan-an, kí ọkọ̀ má baà jẹ epo púpọ̀. Ohun tí ó dára fún ọkọ̀ yìí ni ó ń mú kí kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù má lè di ara mú. Láti ọdún 1998 ni àwọn ará Jàpáànì ti gbé ìlànà kan kalẹ̀ fún ọ́ìlì alùpùpù. Lára agolo èyí tí ó bá kílọ́ọ̀ṣì mu, ẹ óò rí JASO MA. Èyí tí a kọ MB sí kì í ṣe fún irú kílọ́ọ̀ṣì yìí. Bí a bá ti bu èyí tí kò tọ́, kí a fà á jáde, kí a fi ti alùpùpù rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá ṣì ń yọ̀ lẹ́yìn èyí, ó lè di dandan kí a tú kílọ́ọ̀ṣì wò. Ní ti nọ́ńbà bíi 20W-50 tàbí 10W-30, ẹ tẹ̀ lé ohun tí ìwé alùpùpù wí.

Bí ó bá jẹ́ pé ríìngì tàbí písítìnì ni a pààrọ̀, èéfín díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì. Ṣùgbọ́n bí èéfín tí ó dà bí aró kò bá dáwọ́ dúró, kí ẹ gbé e padà. Irin tuntun a máa gé ara rẹ̀ wẹ́wẹ́ sínú ọ́ìlì, nítorí náà kí ẹ tètè pààrọ̀ ọ́ìlì àkọ́kọ́ náà. Fún alùpùpù tuntun, àwọn tí ó ṣe é sábà máa ń wí pé láàrin kìlómítà 500 sí 1,000. Pé ọ́ìlì tètè dúdú kò túmọ̀ sí pé kò dára. Ohun tí ó yẹ kí ó dẹ́rù bà yín ni ọ́ìlì tí ó funfun bí ògì, nítorí omi ti wọ inú rẹ̀. Tàbí èyí tí ń rùn bí bẹntiróòlù tí ó sì ń pọ̀ sí i lára géèjì, nítorí kàbúrétọ̀ ń jò sí inú ẹ́ńjìnì.

Ẹ gbé alùpùpù padà ní ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ìdí ẹ́ńjìnì yìí, ó ń kán.” Ẹ mú agolo ọ́ìlì náà dání, kí ẹ sì mọ iye kìlómítà tí ẹ ti rìn. Agolo tí a kò tíì ṣí rí ni kí ẹ máa rà, lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí ó sì jẹ́ ojú yín ni a óò ti ṣí i. Bí ó bá ti tán, ẹ dá ihò sí agolo náà lára, kí àwọn tí ń rọ ayédèrú má baà tún un lò.

Ọ́ìlì àtijọ́ tí a fà jáde kò gbọdọ̀ dé ẹ̀bá kànga, ojú odò tàbí gọ́tà, nítorí kò ní tètè kúrò nínú omi. Kí ẹnikẹ́ni má fi pa ara tàbí egbò, nítorí ó ní èròjà tí ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Ẹ gbà á sínú kẹ́ẹ̀gì tí ó ní ìdérí, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì; ní ọ̀pọ̀ ìlú, àwọn kan wà tí ń rà á kiri lọ́wọ́ wọn. Ẹ fi àmì sí kẹ́ẹ̀gì náà lára, kí àwọn ará ilé má baà tún fi bu omi tàbí epo pupa.