Ẹ̀bùn wo lẹ fẹ́ẹ́ fún ẹni tó ń lo software ọ̀fẹ́?

Ọjọ́ ìbí àwọn tó fẹ́ràn software ọ̀fẹ́ máa ń kó ìdààmú bá àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa fowó gọbọi ra software àwọn iléeṣẹ́ ńlá fún wọn tí wọ́n á dúpẹ́. Linux ni wọ́n ń lò ní tiwọn, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ wà ní gbangba, ẹni tó bá wù lè tú inú ẹ̀ wò, kó tún un ṣe, kó sì há a fáwọn ará àdúgbò. Kí lèèyàn wá fẹ́ẹ́ rà fún irú wọn? Ẹ̀bùn ẹ̀fẹ̀ ni!

Bèbí ẹyẹ pẹ́ńgúìn gbajúmọ̀ gan-an. Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland tó bẹ̀rẹ̀ Linux lọ́dún 1991, ló ní ẹyẹ náà ṣá òun jẹ rí ní Canberra, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Kàkà kó bínú, ó ní òun ni kí wọ́n fi ṣe àmì Linux. Larry Ewing ló yà á lọ́dún 1996, ó yọkùn, ó jókòó pẹ̀sẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iyán àti ẹ̀gúsí yó.

Ẹ̀wù kan tún wà tí wọ́n kọ ọ́ sí láyà lédè òyìnbó pé, rárá o, mi ò ní í bá yín tún kọ̀ǹpútà yín ṣe! Ẹni tí ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ìyá ìyàwó ò jẹ́ kó sinmi ló mọ adùn ẹ̀wù yẹn.

Ti bíà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ kan náà lòyìnbó ń lò fún òmìnira àti ọ̀fẹ́, ìdí nìyẹn tí Richard Stallman, baba àwọn ẹlẹ́gbẹ́ software yìí, fi máa ń pariwo pé òmìnira lòun ń sọ, kì í ṣe bíà ọ̀fẹ́. Àwa Yorùbá ò níṣòro yẹn ní tiwa. Àfi bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Copenhagen, ní Denmark, àtàwọn oníṣẹ́ ọnà Superflex ṣe lọ pọn bíà lóòótọ́, ní nǹkan bí ọdún 2005, tí wọ́n sì tú àṣírí èèlò ẹ̀ síta kí ẹni tó bá fẹ́ lè pọn tiẹ̀.

Ẹ̀bùn kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ owó gidi, àwọn tí wọ́n fún ló sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀. Lọ́dún 1999, iléeṣẹ́ Red Hat, tó ń fi Linux ṣòwò, kọ̀wé sáwọn tó ń kọ software náà lọ́fẹ̀ẹ́ pé kí wọ́n wá ra ìpín ìdókòwò àwọn kó tó bọ́ sọ́jà. Ha, àwọn mìíràn ní gbájúẹ̀ ni, wọn ò dáhùn. Lọ́jọ́ tó bọ́ sọ́jà gan-an, ó kúrò ní dọ́là 14, ó ti di dọ́là 52 kílẹ̀ tó ṣú!

Ṣùgbọ́n apá kan ò gba ẹ̀rín níbẹ̀. Lọ́dún 2014, wọ́n rí ihò ńlá tí wọ́n pè ní Heartbleed nínú OpenSSL, software ọ̀fẹ́ tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí àti nọ́ńbà káàdì báǹkì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìgbà yẹn layé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé bíi dọ́là 2,000 péré làwọn èèyàn ń dá fún wọn lọ́dún. Lẹ́yìn ìyẹn làwọn iléeṣẹ́ ńláńlá tó ti ń fi jèrè wá ń sáré dáwó.

Nítorí náà, ẹ ra bèbí pẹ́ńgúìn, ẹ ra ẹ̀wù ẹ̀fẹ̀, kò burú. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá rà á tán, ẹ fi ìwọ̀nba owó ránṣẹ́ sẹ́ni tó kọ software tẹ́ ẹ̀ ń lò. Ọ̀fẹ́ là ń gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n òun kì í jẹun lọ́fẹ̀ẹ́.