Ṣé o mọ̀? Agbọ́n kékeré kan ló gba ẹ̀gẹ́ wa là

Ní 1973, kòkòrò funfun kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà yọ sí oko ẹ̀gẹ́ ní Kóńgò. Ó dà bí ìyẹ̀fun tí wọ́n bù wọ́n ewé. Bó bá ti ń fa omi ẹ̀gẹ́ mu, ọ̀mùnú a ká kò. Owó ìjọba orílẹ̀-èdè púpọ̀ àti àjọ IFAD tó ń ran iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́ ni ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA n'Íbàdàn àti alábàáṣiṣẹ́ wọn fi wá ọ̀tá rẹ̀ dé Paraguay: agbọ́n tí kò tó hóró ìrẹsì, tó ń yé sínú kòkòrò náà, tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ ẹ́ láti inú. N'Íbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ tú u sílẹ̀, ní 1981. Àgbẹ̀ kò san kọ́bọ̀. Ìṣirò kan ní 1988 ní dọ́là kan tí wọ́n ná mú èrè dọ́là 149 wá. Owó ìwádìí kì í ṣe ìnákúnàá.