Dókítà Ni Àbí Ẹnjinníà? Ẹ Jẹ́ Ká Sọ̀rọ̀ Nípa Neural Engineering

Ọ̀rọ̀ òní wà fún ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń múra láti wọ yunifásítì, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ ń sọ pé, "Dókítà lo máa ṣe," tí ọmọ náà sì ń dáhùn pé, "Mọ́mì, kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́." Iṣẹ́ kan wà tó lè parí ìjà yẹn. Neural engineering ni wọ́n ń pè é.

Kí ni iṣẹ́ náà? Iná mànàmáná díẹ̀díẹ̀ ni ọpọlọ àti àwọn iṣan ara wa fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àwọn oníṣẹ́ yìí ló ń ṣe ẹ̀rọ tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, tàbí tó lè dá sí i.

Ẹ wo cochlear implant, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sí etí ẹni tí kò gbọ́ràn. Nínú etí lọ́hùn-ún, nǹkan kan wà tó ká bí ìkarahun ìgbín. Irun tíntìntín inú rẹ̀ ló ń sọ ohùn di iná fún iṣan etí. Bí irun yẹn bá ti bàjẹ́, kéèyàn máa pariwo kò ràn án. Ẹ̀rọ yìí fò ó kọjá: máíkì ẹ̀yìn etí á gba ohùn, kọ̀ǹpútà kékeré á tú u sí wẹ́wẹ́, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú ìkarahun náà á sì fi iná ta iṣan etí fúnra rẹ̀. Dókítà ló ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹnjinníà ló ṣe wáyà, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ló kọ bí wọ́n ṣe ń tú ohùn, onímọ̀ etí ló ń tún un ṣe títí ẹni náà á fi dá ohùn ìyá rẹ̀ mọ̀. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.

Àrùn Parkinson náà ńkọ́, tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n? Ní 1987, Alim-Louis Benabid àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Grenoble, nílẹ̀ Faransé, rí i pé bí iná tó ń yára ta bá dé ibì kan nínú ọpọlọ, gbígbọ̀n náà á rọlẹ̀. Kì í wo àrùn náà sàn o, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ kéèyàn tún gbé ife tíì dé ẹnu fúnra rẹ̀.

Ibi tó kàn wá gan-an nìyí. Ní 1924, Hans Berger ní Jena, Jámánì, kọ́kọ́ gba iná ọpọlọ èèyàn sílẹ̀ láti orí. EEG nìyẹn, òun ni a ṣì fi ń yẹ wárápá wò lónìí. Àmọ́ ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ fara kan awọ orí dáadáa. Irun tiwa, tó ki tó sì lọ́, máa ń tì í sókè. Nítorí náà, wọ́n máa ń ní kí àwọn kan tú irun wọn, wọ́n sì máa ń yọ àwọn mìíràn kúrò nínú ìwádìí pátápátá. Bí orí wa kò bá sí nínú ìwádìí, ta ni oògùn àti ẹ̀rọ ọ̀la máa bá mu?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Carnegie Mellon University, ní Pittsburgh, Arnelle Etienne, ló wá dá ọgbọ́n sí i. Ó ní kí wọ́n di irun náà, kí ojú ìlà rẹ̀ gba ibi tí ẹ̀rọ máa wà, kí wọ́n sì ki kílíìpù bọ abẹ́ irun dídì náà láti tẹ ẹ̀rọ mọ́ awọ orí. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2020. Irun dídì tó máa ń pa yín lẹ́kún lọ́jọ́ Sátidé ló di iṣẹ́ ẹnjinníà! Ẹni tó mọ irun yẹn ló lè ronú kàn án. Ìdí tí mo fi fẹ́ kí ẹ wà níbẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀nà wo lẹ máa gbà? Kò sí ẹyọ kan. Ẹ lè gba biomedical engineering, ẹnjinníà iná, kọ̀ǹpútà tàbí neuroscience wọlé, kí ẹ wá ṣe másítà lé e. Imperial College London ní ti Neurotechnology. Ẹ má fi maths àti physics ṣeré. Tó bá jẹ́ ìwádìí lẹ fẹ́, ó sábà máa ń gba PhD, ó sì ń pẹ́. Àwa nọ́ọ̀sì náà wà níbẹ̀: àwa la máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn nígbà tí wọ́n bá ń dán ẹ̀rọ wò, àwa la sì ń kọ́kọ́ rí ohun tó ń ni í lára.

Ẹ̀yin òbí, ẹ fún ọmọ láyè. Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ fi èyí han Mọ́mì àti Dádì. Ó dìgbà kan ná o.