Ṣé o mọ̀? Ọkọ́, ènì àti ẹ̀kọ́ ìṣòwò nílẹ̀ Ìgbómìnà

Ṣé o mọ̀ pé ní Òmù-Àrán, ọmọ tó wá kọ́ ìṣirò owó lè bá ara rẹ̀ lóko pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́? Yunifásítì Landmark ni mò ń wí, tí ìjọ Living Faith dá sílẹ̀ lọ́dún 2011. Ọmọ Òmù-Àrán ni Bíṣọ́ọ̀bù David Oyedepo, olórí ìjọ náà. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n fi ṣe òpó ilé-ìwé yìí, ìdí nìyẹn tí akẹ́kọ̀ọ́ báńkì, ti ọrọ̀ ajé àti ti ìṣàkóso òwò fi ń bá àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ lọ sóko.

Wo ọmọ Èkó kan tí kò fọwọ́ kan ọkọ́ rí. Ìrì ṣì wà lórí koríko, ẹrẹ̀ ti dé ọrùn bàtà rọ́bà rẹ̀, ó ń ka ebè. Ebè mélòó ló lè kọ kí oòrùn tó mú? Èló ni wọ́n ra ajílẹ̀? Bí òjò bá dá, ta ló gbé gbèsè rẹ̀? Nígbà tó bá padà dé kíláàsì tí olùkọ́ kọ "owó ìnáwó" sójú pátákó, ọ̀rọ̀ náà kò ní ṣe àjèjì sí i mọ́. Ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti ṣàlàyé rẹ̀ fún un.

Ṣé o mọ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ ìṣòwò tí wọ́n kà sí àgbà jù lọ lágbàáyé ti lé ní 200 ọdún? ESCP ni, ní Paris, ọdún 1819 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ti Harvard kò dé títí di 1908. Nílé wa níbí, nígbà tí Yunifásítì Èkó ṣílẹ̀kùn ní 1962, ẹ̀kọ́ ìṣòwò wà lára ẹ̀ka mẹ́ta tó kọ́kọ́ ní, pẹ̀lú òfin àti ìṣègùn.

Ṣé o mọ̀ pé Olóyè Akíntọ́lá Williams ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè akáúńtáǹtì oníwèé-àṣẹ (chartered accountant) nínú ìmọ̀ ìṣirò owó, ní 1949? Ọdún mẹ́tàlá kí yunifásítì Èkó tó wà nìyẹn. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ló ti lọ kọ́ ọ.

Ṣé o mọ̀ pé kíláàsì kan wà tí olùkọ́ kì í ti í sọ ìdáhùn? Wọ́n á gbé ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ kan síwájú yín: owó ti tán, òṣìṣẹ́ ń bínú, oníbàárà ń sá. Kí lẹ ó ṣe? Olùkọ́ á kàn máa béèrè ni. Ẹni tó dákẹ́ máa pàdánù máàkì, torí wọ́n ń fún ọ̀rọ̀ ẹnu ní máàkì. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bàtà ni Harvard fi kọ àkọ́kọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1921. Lagos Business School, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1991, ń lo ọ̀nà yìí kan náà. Lójú tèmi, ọmọ tó dàgbà sí agbo ilé kò yẹ kó bẹ̀rù rẹ̀. Ó ti ń wo bí àwọn àgbà ṣe ń gbọ́ ẹjọ́: wọ́n á gbọ́ tẹnu oníkálukú, wọ́n á béèrè, wọ́n á tún béèrè, kí ẹnikẹ́ni tó dá a. Ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ ọmọ wa lẹ́nu mọ́ ni pé a kọ́ wọn pé ọmọdé kì í dá olùkọ́ lóhùn. Ó yẹ kí àwa òbí tún èyí wò.

Ṣé o mọ̀ pé Yorùbá ló ni orúkọ tí wọ́n ń pe àjọ ní Trinidad títí di òní? "Susu" ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, "asue" ní Bahamas; èsúsú tiwa ni. William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ àròkọ ńlá kan lórí èsúsú Yorùbá, ó jáde ní 1952. Ohun tí ìyá rẹ ń dá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ti di ohun tí ọ̀mọ̀wé ń kà ní òkè òkun.

Ṣé o mọ ẹfíkò? Bóyá ìwọ gan-an ni. Ẹfíkò ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ìwé kì í kúrò lápá rẹ̀, tí í jí kàwé di ìdájí, tí gbogbo kíláàsì sì ń wá kiri bí ìdánwò bá ku ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀kọ́ ìṣòwò ni ọ̀rọ̀ ẹfíkò ti le jù, nítorí iṣẹ́ ẹgbẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n á pín yín sí márùn-ún márùn-ún, ẹfíkò á ṣe gbogbo rẹ̀, mẹ́rin yòókù á kọ orúkọ wọn sí i. Inú mi kì í dùn sí i rárá. Àwọn bàbá wa ní àáró: òní a dé oko Àjàyí, ọ̀la a dé ti Àkànní, ẹni tí kò bá wá sí oko ọmọnìkejì rẹ̀, kó má retí ẹnikẹ́ni lóko tirẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá fi òfin àáró ṣiṣẹ́, tí oníkálukú ń ṣíwájú ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀, gbogbo wọn ló máa mọ iṣẹ́ náà. Ẹfíkò pàápàá á rí oorun sùn.

Ṣé o mọ̀ pé ìṣirò owó tí wọ́n ń kọ́ ní Kùtọnu yàtọ̀ sí ti Èkó? Benin àti Togo wà nínú OHADA, àdéhùn òfin òwò tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1993. Ìlànà ìwé owó kan náà ni àwọn orílẹ̀-èdè inú rẹ̀ ń lò. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Ọmọ wa tó bá kọ́ méjèèjì, tó tún gbọ́ Faransé, ọjà méjì ló ń ná lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ ṣọ́ra. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù January 2024, ìjọba Nàìjíríà dá ìgbàwọlé ìwé ẹ̀rí láti Benin àti Togo dúró, lẹ́yìn tí akọ̀ròyìn kan fi hàn pé òun gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì ní Kùtọnu láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn tó fi ọdún mẹ́ta, mẹ́rin jókòó kàwé níbẹ̀ náà jìyà rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ wádìí ilé-ìwé kí ẹ tó san owó.

Ṣé o mọ̀ pé láti ọjọ́ kìíní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ àjèjì tó lọ gboyè másítáàsì ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì kò lè mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́? Ẹ̀kọ́ ìwádìí nìkan ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi sílẹ̀.

Ṣé o mọ ènì? Lọ sí ọjà, dúró ti ìyá oní-gààrí. Ó á bu gààrí sí kóńgò títí á fi ga gogo, á rọra fọwọ́ gbá a kó lè dúró, á dà á sínú ọ̀rá rẹ. O rò pé ó tán. Ọwọ́ rẹ̀ á tún padà sínú àpò, á bu ẹ̀kún ọwọ́ kan sí i. Ènì nìyẹn. Sọ fún mi, ìlà wo ni wàá kọ ọ́ sí nínú ìwé owó? Kò sí owó tó wọlé fún un, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òfò. Ìyá náà mọ iye tó ń fi ṣe ènì lóṣù, orí ló fi ń kà á. Ó mọ ẹni tí ènì yẹ, ó mọ ẹni tí kì í padà wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi ọjọ́ ọjà kan jókòó ti irú ìyá bẹ́ẹ̀, tó ń bá a gbé kóńgò, tó ń béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, máa rí ohun tó pọ̀ kọ sínú iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé alábòójútó ilé-ìwé ló jẹ́ kí ayé gbọ́ nípa ère Èsìẹ́? Àwọn ará ìlú ti mọ̀ wọ́n tipẹ́, wọ́n sì ń bọ wọ́n, àmọ́ Ramshaw, tó ń ṣàbójútó àwọn ilé-ìwé ìjọ CMS, ló kọ ìròyìn wọn ní 1933. Ère òkúta ọṣẹ tó lé ní 1,000 ni: ọkùnrin, obìnrin, òmíràn jókòó lórí àpótí, òmíràn di ohun ìjà mú. Ní 1945 wọ́n kọ́lé fún wọn. Ilé náà ni ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà.

Èsìẹ́ kò jìnnà sí Òmù-Àrán. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Ìwọ tó ń kọ́ ìṣòwò níbẹ̀, gba àyè lọ́wọ́ ilé-ìwé rẹ, kí ẹ̀yin márùn-ún inú ẹgbẹ́ kan lọ. Ẹ ka iye àlejò tó wọlé lọ́jọ́ náà. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti wá, ibi tí wọ́n jẹun, ibi tí wọ́n máa sùn, àti ohun tí wọ́n wá rà tí wọn kò rí rà. Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan fún àwọn ará ìlú kí ẹ tó fún olùkọ́ yín.