Ṣé O Mọ̀ Pé Àtàǹpàkò Lè Jẹ Gbèsè?

Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe fún ìtàkùrọ̀sọ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe WhatsApp? Nígbà tí Jan Koum bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2009, ohun tó wà fún kò ju kí o kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọwọ́ rẹ dí, kí àwọn tó ní nọ́ńbà rẹ má wulẹ̀ pè ọ́. Àwọn tó ń lò ó ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi í dá ara wọn lóhùn.

Ṣé o mọ̀ pé lọ́dún 2009 yẹn náà ni Brian Acton, ẹnìkejì Koum, wáṣẹ́ lọ sí Facebook, tí wọn kò gbà á? Ní 2014, Facebook náà ló kéde pé òun máa fi bílíọ̀nù 19 dọ́là ra WhatsApp lọ́wọ́ wọn.

Ṣé o mọ̀ pé inú eré kọ̀ǹpútà tí kò tà ni Slack, tí àwọn iléeṣẹ́ fi ń bá òṣìṣẹ́ wọn sọ̀rọ̀, ti jáde? Glitch ni wọ́n ń pe eré náà. Stewart Butterfield àtàwọn èèyàn rẹ̀ tì í pa ní 2012, wọ́n wá gbé ohun tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ jáde lọ́dún kejì. Bílíọ̀nù 27.7 dọ́là ni iléeṣẹ́ Salesforce dá lé e nígbà tó fẹ́ rà á.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù nìyí: ṣé o mọ̀ pé àtàǹpàkò kan ṣoṣo sọ àgbẹ̀ kan di onígbèsè ní Saskatchewan, lórílẹ̀-èdè Kánádà? Ní oṣù kẹta 2021, oníbàárà tó fẹ́ ra ọ̀gbọ̀, tọ́ọ̀nù 87, ya fọ́tò ìwé àdéhùn, ó fi ránṣẹ́ sórí fóònù àgbẹ̀ náà pé kó jẹ́rìí sí i. Àgbẹ̀ fi àwòrán àtàǹpàkò tó nà sókè dá a lóhùn, ó bá tiẹ̀ lọ. Nígbà tó di oṣù kọkànlá tó yẹ kó kó ọjà dé, ọ̀gbọ̀ ti wọ́n gógó. Kò kó nǹkan kan wá. Wọ́n bá dé kóòtù. Àgbẹ̀ ní ohun tí òun ní lọ́kàn kò ju pé òun ti rí ìwé náà. Adájọ́ ní rárá: "ó dáa" lásán ni àwọn méjèèjì máa ń kọ síra wọn tẹ́lẹ̀ tí ọjà fi ń lọ, kí ló wá mú ti àtàǹpàkò yàtọ̀? Ní 2023, ó dá a lẹ́bi, ó ní kó san owó dọ́là Kánádà tó lé ní 82,000. Ìwọ tó o ń na àtàǹpàkò sí gbogbo ohun tí akápò ẹgbẹ́ landlọ́ọ̀dù bá gbé wá, owó tàǹsúfọ́mà, owó ọlọ́dẹ, owó gọ́tà, ǹjẹ́ o tiẹ̀ ń kà á?

Àwọn báǹkì náà jẹ nínú iyán yìí. Ní oṣù kejìlá 2021, JPMorgan gbà láti san mílíọ̀nù 200 dọ́là fún ìjọba Amẹ́ríkà, torí pé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lórí WhatsApp àti fóònù ara wọn, báǹkì kò sì tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀ bí òfin ṣe wí. Àwọn ọ̀gá tó yẹ kó dá wọn lẹ́kun wà nínú àwọn tó ń ṣe é.

Ṣé o rántí 4 oṣù kẹwàá 2021, tí Facebook, WhatsApp àti Instagram dákẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà? Workplace, tí àwọn òṣìṣẹ́ Facebook fúnra wọn fi ń sọ̀rọ̀ abẹ́lé, bá wọn dákẹ́. Ìròyìn tiẹ̀ sọ pé káàdì táwọn kan fi ń ṣílẹ̀kùn ọ́fíìsì kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Lọ́dún yẹn kan náà, orí Twitter ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti kéde pé òun ti fòfin de Twitter! 13 oṣù kìíní 2022 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀.

Ṣé o mọ ìdí tí àtẹ̀jíṣẹ́ tó ti kọjá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kò fi lè lọ sí ju ibì kan lọ lẹ́ẹ̀kan lórí WhatsApp láti 2020? Kó lè rẹ ahesọ sílẹ̀ ni. Rántí oṣù kẹjọ 2014, lẹ́yìn tí Ebola ti wọ Nàìjíríà. Àtẹ̀jíṣẹ́ gba ìlú kan lóru pé ká fi omi iyọ̀ wẹ̀, ká tún mu ún, kílẹ̀ tó mọ́. Àwọn ìyá jí àwọn ọmọ tó ti sùn. Àwọn tó mu ún jù bára wọn nílé ìwòsàn.

Ìyẹn kò ní ká má sọ ti Lọlá Ọmọ́lọlá, ọmọ Nàìjíríà tó dá ẹgbẹ́ obìnrin Female IN sílẹ̀ lórí Facebook láti Chicago ní 2015. Obìnrin tó lé ní mílíọ̀nù kan wà níbẹ̀ nígbà tó fi máa di 2017, wọ́n ń sọ ohun tí wọn kò lè sọ nílé. Òfin rẹ̀ le: a kì í dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ níbẹ̀.

Paríparí rẹ̀, ṣé o mọ̀ pé láti 2022 ni òfin Pọ́túgàl ti ní kí agbanisíṣẹ́ má yọ òṣìṣẹ́ lẹ́nu lẹ́yìn wákàtí iṣẹ́, àfi tọ́ràn bá le? Agbanisíṣẹ́ nìkan lòfin náà bá wí o. Ti akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ilé-ìwé àtijọ́ tó ń béèrè owó oṣù láago márùn-ún ìdájí kò sí níbẹ̀.