Ṣọ́ọ̀bù Sìgá àti Súwíìtì ní Ikpoba Hill: Òwò Ìyá Tó Di Ti Ọmọ-ọmọ

Bí a bá ń sọ ìtàn bí àwa ọmọ Yorùbá ṣe dé ìlú Benin àti ìpínlẹ̀ Edo, àwọn òṣómàáló tó ru aṣọ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà la máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, lẹ́yìn wọn àwọn oníkòkó, àwọn mẹkáníìkì àti àwọn olùkọ́. Àwọn ìyá tó ń ta sìgá àti súwíìtì lẹ́bàá ọ̀nà kì í sí nínú ìtàn náà rárá. Bẹ́ẹ̀ sì ni owó ilé ẹ̀kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa, orí tábìlì wọn ló ti wá.

Ẹbí kan wà láàrin wa ní Ikpoba Hill tí òwò yìí ti di àjogúnbá fún. Wọ́n bẹ̀ wá pé kí á má dárúkọ àwọn, a ó sì pa ọ̀rọ̀ wọn mọ́. Ìyá-ìyá ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ-ọmọ ló wà nídìí rẹ̀ báyìí. Agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá àgbà ti wá, kò sì yà wá lẹ́nu, nítorí pé Ògbómọ̀ṣọ́, Ìsẹ́yìn, Ṣakí àti àwọn ìlú Òkè-Ògùn ni wọ́n ti ń gbin tábà jù ní ilẹ̀ wa.

Kì í ṣe sìgá ni ìyá àgbà kọ́kọ́ tà. Aṣáà ni. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ewé tábà gbígbẹ ni wọn yóò yan díẹ̀ lórí iná, wọn yóò lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ káún lórí ọlọ títí yóò fi kúnná, wọn yóò sì jọ̀ ọ́. Inú agolo tó ní ìdérí ni wọ́n ń kó o sí kí atẹ́gùn má bàa gba agbára rẹ̀. Ṣíbí kékeré ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n fún oníbàárà. Àwọn àgbààgbà Edo náà ń fín in, àwọn bàbá tó ń ti oko bọ̀ sì máa ń dúró níwájú rẹ̀ kí wọ́n tó wọ̀lú. Ọmọ rẹ̀ sọ fún wa pé ọ̀dọ̀ àwọn bàbá wọ̀nyí ni ìyá òun ti gbọ́ èdè Edo, ó sì gbọ́ ọ débi pé kò sẹ́ni tó lè ná ọjà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Tábà kì í ṣe ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Àwọn Potogí ti ń bá Ọba Benin ṣòwò láti nǹkan bí ọdún 1485, ṣùgbọ́n tábà tó gbilẹ̀ ní etíkun wa, láti Ouidah dé Badagry títí dé Èkó, láti Bahia ní ilẹ̀ Brazil ni wọ́n ti ń kó o wá, ẹrú ni wọ́n sì fi ń ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Tábà tí kò dára tó láti tà ní Potogí ni. Kí ó má bàa gbẹ, kí ó sì dùn lẹ́nu, wọ́n a rẹ ẹ́ sínú oje ìrèké dúdú tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ṣúgà, wọ́n a wá ká a bí okùn. Àwọn ènìyàn wa fẹ́ràn rẹ̀ débi pé àwọn oníṣòwò orílẹ̀-èdè mìíràn ń wá a kiri kí wọ́n lè rí ọjà rà ní etíkun. Ẹ ò rí i pé láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni tábà àti ohun dídùn ti jọ wà nínú ẹrù kan náà? Àwọn tó gbin ìrèké àti àwọn tó gbin tábà ní Bahia, ẹrú ni ọ̀pọ̀ wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ẹ̀jẹ̀ wa.

Sìgá ẹlẹ́yọ ti ń wọ ilẹ̀ wa láti òkè òkun kí a tó dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 1933 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Òṣogbo, ní 1937 ni wọ́n sì ṣí ilé iṣẹ́ ńlá ní Ìbàdàn, èyí tí a wá mọ̀ sí Nigerian Tobacco Company, tí gbogbo ayé ń pè ní NTC. Àwọn tó dàgbà jù wá lọ ṣì rántí sìgá Bicycle. Target, Gold Leaf àti Three Rings náà ní ìgbà tiwọn, kí Benson & Hedges àti St Moritz tó di sìgá àwọn tó fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ àwọn tó owó. Bí ọkọ̀ bá ti Ìbàdàn kó ọjà dé, ìyá àgbà a gba tirẹ̀ lọ́wọ́ àwọn alágbàtà, a tò ó sí ẹ̀gbẹ́ agolo aṣáà. Díẹ̀díẹ̀ ni sìgá gba tábìlì náà.

Nígbà tí wọ́n dá ẹkùn Mid-West sílẹ̀ ní 1963, Benin di olú ìlú, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń wọlé. Lẹ́yìn náà ni ogun dé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967 àwọn ọmọ ogun Biafra wọ Benin, ní ogúnjọ́ oṣù kẹsàn-án ni ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ gbà á padà. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, àwọn kan nínú àwọn òbí wa sá lọ sí Ọ̀wọ̀ àti Òǹdó, àwọn kan ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ìyá àgbà kò sá. Wọ́n ní ó ri àwọn páálí sìgá mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó sì ń fi aṣáà nìkan ṣòwò títí ìlú fi rọlẹ̀.

Ohun tó sọ tábìlì di ṣọ́ọ̀bù ni ìdàgbàsókè Ikpoba Hill fúnra rẹ̀. Òkè tó wà ní òdìkejì odò Ikpoba ni, ìlú sì ń gùn ún bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní 1974 Guinness ṣí ilé ìpọntí rẹ̀ ní Oregbeni. Òṣìṣẹ́ tó ń wọṣẹ́ àti èyí tó ń jáde, tọ̀sán-tòru, ta ni kò ní fẹ́ ra nǹkan? Àwọn awakọ̀ tó ń lọ sí Agbor àti Auchi náà ń gba ibẹ̀ kọjá, ibùdókọ̀ Ramat Park sì tún sọ ibẹ̀ di ojúkò èrò. Ọmọ ìyá àgbà, tó ti gba òwò nígbà náà, ló gba yàrá kan níwájú ọ̀nà, tó sì ṣe àpótí onígíláàsì ìpele méjì. Sìgá wà lókè, súwíìtì wà nísàlẹ̀.

Ìyá yìí ló mú súwíìtì wọ òwò náà, ọgbọ́n tó fi mú un wọ̀ ọ́ sì tọ́ kí á sọ. Ṣéńjì ni. Ẹni tó bá ra sìgá ẹyọ kan tàbí méjì, kọ́bọ̀ díẹ̀ ni yóò kù fún un, kọ́bọ̀ náà kì í sì í sí nílẹ̀. Dípò kí wọ́n máa jà, ìyá a fún un ní súwíìtì. Bí ó ṣe ń fi súwíìtì ṣe ṣéńjì náà ló ń tà á. TomTom tí Cadbury gbé jáde ní 1970 ló tà jù, nítorí pé ẹni tó mu sìgá tán tó ń lọ bá ìyàwó tàbí pásítọ̀, TomTom ni yóò fi pa òórùn ẹnu. (Kò sí ìyàwó tí èyí tàn jẹ, ṣùgbọ́n wọn kò dẹ́kun rírà á.) Goody Goody wà, gọ́ọ̀mù wà, bísíkíìtì wà. Bàbá dúdú ní tirẹ̀, ìyá fúnra rẹ̀ ló ń sè é ní alaalẹ́: wàrà àgbọn àti ṣúgà lórí iná títí yóò fi ki, tí yóò sì pọ́n dúdú, kí ó tó gé e sí wẹ́wẹ́, kí ó sì dì í sínú ọ̀rá. Àwọn ọmọ Edo, Ísháńn, Igbo àti tiwa, gbogbo wọn ló jọ ń tò síbẹ̀ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́.

Ọmọ tí bàbá rán pé kí ó lọ ra sìgá méjì wá náà wà lórí ìlà yẹn. Gbogbo wa ni wọ́n rán bẹ́ẹ̀ rí, súwíìtì ṣéńjì sì ni ẹ̀san iṣẹ́ tí a jẹ́. Nígbà yẹn kò sẹ́ni tó rí aburú kankan nínú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ẹbí yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Òfin ti yí padà. Láti 1990 ni ìjọba ológun ti ṣe òfin lórí mímu sìgá ní gbangba, àwọn ènìyàn kò kà á sí. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí tábà ní 2004, ó sì tẹ́wọ́ gbà á pátápátá ní 2005. Èyí tó mú òwò náà lọ́rùn ni òfin ìdènà tábà tí Ààrẹ Jonathan fọwọ́ sí ní 2015. Ó ka títa sìgá fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 léèwọ̀, ọmọ tí kò tíì tó bẹ́ẹ̀ kò sì gbọdọ̀ tà á. Ó tún sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan mọ́, páàkì tó ní 20 nínú ni kí ó tà. Ẹ̀yin tó mọ òwò yìí mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni èrè wà. Ẹni tó ń ra páàkì kì í wá sí orí tábìlì.

A kò ní purọ́ fún yín, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ṣì ń tà káàkiri Benin, ní ojú gbogbo ènìyàn. Àwọn aláṣẹ ń mú àwọn ńláńlá: ní oṣù kejìlá ọdún 2023 àjọ FCCPC kéde pé àwọn ilé iṣẹ́ British American Tobacco, àwọn tó gba NTC ní 2000 tí wọ́n sì ṣí ilé iṣẹ́ tuntun ní Ìbàdàn ní 2003, yóò san 110 mílíọ̀nù dọ́là owó ìtanràn. Àmọ́ a kò tíì rí ẹni tó wá sí Ikpoba Hill láti wá wo orí tábìlì.

Nítorí náà, kì í ṣe ọlọ́pàá ló lé sìgá kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù tí à ń sọ yìí. Ọmọ-ọmọ ìyá àgbà ló kó o kúrò fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tí ọmọkùnrin kan tó wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ra ẹyọ kan pé bàbá òun ló rán òun, tó sì ṣáná sí i kí ó tó dé kọ̀rọ̀. Ó ní ojú ti òun. Ìyá rẹ̀, tó ti di arúgbó, bínú gidigidi. "Sìgá yìí ni mo fi rán yín lọ sí Auchi Poly," ni ohun tó sọ níwájú wa nígbà tí wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́. Òótọ́ ló sọ, a kò sì gbọdọ̀ fi òfin òní dá àwọn ìyá wa lẹ́bi fún ohun tí òfin àná fàyè gbà.

Síbẹ̀, ẹ̀yìn ọmọ-ọmọ náà la wà. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé ju mílíọ̀nù 7 ènìyàn lọ ni tábà ń pa lọ́dọọdún, kì í sì í ṣe iye yẹn ló kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn, bí kò ṣe àwọn bàbá wa tó fi ikọ́ kú tí a ní ayé ló ṣe wọ́n. Súwíìtì náà ní tirẹ̀ lára eyín àti ìtọ̀ ṣúgà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ohun tí a bẹ ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù wa ni pé, bí ẹ kò bá tíì lè kó sìgá kúrò pátápátá, ẹ má tà á fún ọmọdé mọ́, ì báà jẹ́ bàbá tirẹ̀ ló rán an. Ẹ̀yin bàbá náà, ẹ dìde lọ ra tiyín.

Ẹbí yìí ṣì ní ìwé àwìn ìyá àgbà lọ́wọ́. Kò mọ̀wé kọ, ìlà ló ń fà fún gbèsè kọ̀ọ̀kan, ó sì ní àmì fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ nílé, tàbí agolo aṣáà àtijọ́, tàbí páànù ìpolówó NTC tí wọ́n kàn mọ́ ara ògiri, ẹ jọ̀wọ́ ẹ mú un wá sí ìpàdé oṣù wa kí á lè yà á ní fọ́tò.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù náà, bísíkíìtì, omi inú ọ̀rá àti káàdì fóònù ló gba àyè sìgá. Àbúrò ọmọ-ọmọ yẹn, ọkùnrin, kò tíì gbà. Ó ní àwọn awakọ̀ ṣì ń dúró bèèrè, tí wọn kò bá sì rí i, wọn yóò kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹni tó wà nísàlẹ̀ òkè, tí wọn yóò ra omi àti TomTom mọ́ ọn níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí wọ́n máa kọjá. Ìpàdé ẹbí wọn tó ń bọ̀ ni wọ́n tún fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ sí.